LÁTI ORÍ ÌKÒKÒ LADI KWALI DÉ ORÍ ÌWÉ-Ẹ̀RÍ STARTUP: Ìtàn Bí Ìjọba Ṣe Ń Fọwọ́ sí Iṣẹ́ Àwọn Oníṣẹ́ Kéékèèké

 

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ yìí kò túmọ̀ sí pé afọ́jú ni àlejò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ onílẹ̀ lè máa kọjá lára ohun tí ó lè ṣe é láǹfààní lójoojúmọ́, kí ó má sì mọ̀ pé ó kan òun. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo sì ti rí i pé òfin kì í kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni láti wá sọ fún un pé òun ti dé. Ẹni tí ó gbọ́ ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí ìwé-ẹ̀rí tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí ó ń fi ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, àwọn tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní startup. Ọ̀pọ̀ ni yóò rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni, pé ti àwọn ọmọ Èkó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò, ọ̀kan nínú gbòǹgbò rẹ̀ sì wà ní Kwali tí a ń gbé yìí.

TA NI Ó Ń JẸ́RÌÍ ONÍṢẸ́?

Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, kò sí iṣẹ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí. Alágbẹ̀dẹ ní agbo ilé tirẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ní ìdílé tirẹ̀, aláró àti ahunṣọ ní àgbà tí ó ń bójú tó wọn. Bí ọmọ kan bá ń jẹ́ Àyándélé, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ ìlù. Bí òmíràn bá ń jẹ́ Ọ̀nàwùmí, a ti mọ̀ pé ìdílé oníṣẹ́ ọnà ni ó ti wá. Orúkọ nìkan ti tó ìwé-ẹ̀rí.

Nígbà tí ayé ń yí padà, tí iṣẹ́ télọ̀, wẹ́dà, mẹkáníìkì àti iṣẹ́ wáyà dé, tí wọn kì í ṣe iṣẹ́ ìdílé kankan, àwọn baba wa gbé ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ kalẹ̀. Ọmọ yóò sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òbí yóò tọwọ́ bọ̀wé. Ní ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù, ẹgbẹ́ yóò pé jọ, ọ̀gá yóò gbé irinṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́, wọn yóò gbàdúrà fún un, wọn yóò sì fún un ní ìwé-ẹ̀rí tí fọ́tò òun àti ti ọ̀gá rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa ní Kwali tàbí Gwagwalada lónìí, ẹ ó rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú gíláàsì lára ògiri. Ìjọba náà ní tirẹ̀, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí trade test, tí bíríkìlà, káfíńtà àti mẹkáníìkì ń ṣe láti ipele kẹta dé ìkíní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ni ìwé yẹn gbà wọ iṣẹ́ ìjọba.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń dáhùn: ta ni ó mọ̀ ọ́n? Nílé, aládùúgbò yóò dáhùn. Ní ilẹ̀ àjèjì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ agbo ilé bàbá rẹ, ìwé ni yóò dáhùn fún ọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí kan àwa tí a fi ilé sílẹ̀ ju àwọn tí ó jókòó sílé lọ.

ÌYÁ AMỌ̀KÒKÒ TI KWALI

Ẹ mú ogún náírà kan kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní iwájú rẹ̀ ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà, ẹni tí ìjọba rẹ̀ ṣe òfin tí ó dá Olú-ìlú Àpapọ̀ yìí sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976. Ní ẹ̀yìn owó náà, láti ọdún 2007, ni obìnrin kan wà tí ó ń mọ ìkòkò. Ladi Kwali ni obìnrin náà, ọmọ Gbagyi, a sì bí i ní Kwali yìí ní nǹkan bí ọdún 1925. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń mọ ìkòkò, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin Gbagyi ti ń ṣe é láti ìran dé ìran. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Wọn yóò yí amọ̀ bí okùn, wọn yóò máa to ó lé ara wọn, wọn yóò fín alángbá, àkekèé, ejò àti ọ̀nì sí i lára, wọn yóò sì fi koríko àti igi sun ún ní gbangba.

Ìkòkò rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dé ààfin Ẹ́míà Abuja, ìlú tí a ń pè ní Suleja lónìí. Ibẹ̀ ni òyìnbó kan, Michael Cardew, ti rí i ní ọdún 1950. Amọ̀kòkò ni Cardew náà, ìjọba amúnisìn ni ó gbà á síṣẹ́, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́ náà ní ọdún 1952. Ní ọdún 1954, Ladi Kwali wọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ ibẹ̀. Ó kọ́ bí a ṣe ń lo àgbá ayíbírí tí àwọn òyìnbó fi ń mọ ìkòkò, ó sì kọ́ bí a ṣe ń fi omi dídán bo ìkòkò kí a tó sun ún nínú ààrò ńlá. Síbẹ̀ kò fi alángbá àti àkekèé ti ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ó pa ìmọ̀ àbáláyé àti ìmọ̀ tuntun pọ̀, èyí sì ni ó sọ ọ́ di ẹni àpéwò. Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní London ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ọdún 1958, ó sì bá Cardew rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1972 láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí nǹkan kan nínú ìtàn yìí. Nígbà tí ó wà ní Kwali tí ó ń mọ ìkòkò omi, iṣẹ́ rẹ̀ ti dára. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn fi kún un ni ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àmì. A máa ń tẹ àmì ilé-iṣẹ́ Abuja àti àmì ẹni tí ó mọ ìkòkò sí ìdí rẹ̀ kí a tó sun ún. Ẹni tí ó rà á ní ilẹ̀ òkèèrè, tí kò mọ Kwali, tí kò gbọ́ Gbagyi, yóò dojú ìkòkò dé, yóò sì mọ ibi tí ó ti wá àti ọwọ́ ẹni tí ó ti wá. Lẹ́yìn èyí ni oyè tẹ̀ lé e: oyè MBE láti ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, oyè ọ̀mọ̀wé láti Yunifásítì Ahmadu Bello ní ọdún 1977, oyè ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè fún àwọn tí ó pegedé nínú ìmọ̀ ní ọdún 1980, àti OON ní ọdún 1981. Ó papò dà ní ọdún 1984. Obìnrin tí kò ka ìwé mọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé jẹ́rìí rẹ̀.

ILÉ TÍ A FI ITỌ́ MỌ

Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa, ìtàn ìwé ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti inú òfin kọ́ńpìnnì ti ọdún 1912, èyí tí ó jẹ́ kí àwọn oníṣòwò lè forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ nílẹ̀ yìí. Òfin yẹn fún ilé-iṣẹ́ ní orúkọ, ṣùgbọ́n kò wo inú ilé náà. Ohun tí èyí fà hàn gbangba nínú ìtàn báńkì.

Ní ọdún 1933, àwọn ọmọ Yorùbá kan ní Èkó, Dókítà Akinola Maja, T. A. Doherty àti H. A. Subair, dá National Bank sílẹ̀, nítorí pé báńkì àwọn òyìnbó kì í fẹ́ yá oníṣòwò dúdú lówó. Ní ọdún 1945, Olóyè Okupe dá Agbonmagbe Bank sílẹ̀, èyí tí ó di Wema Bank ní ọdún 1969. Àwọn báńkì wọ̀nyí dúró. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun Hitler, báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lè forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ni ó lè gbé pátákó báńkì kọ́ iwájú ilé. Owó wọn kò tó, ìwé ìṣirò wọn kò gún. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1954, mọ́kànlélógún nínú báńkì àwọn ọmọ ilẹ̀ wa mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti wọlẹ̀. Owó àwọn ìyálọ́jà, àwọn alágbẹ̀ kòkó àti àwọn akọ̀wé bá a lọ.

Ìjọba ṣe òfin báńkì ní ọdún 1952, pé báńkì kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ láìgba láísẹ́ǹsì. Láti ìgbà náà ni a ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín ìwé méjì: ìwé tí ó ń sọ pé o wà, àti ìwé tí ó ń sọ pé a ti yẹ̀ ọ́ wò. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ óò rí nínú ìwé-ẹ̀rí startup bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Nínú ọdún 1952 kan náà, ìjọba ṣe òfin mìíràn láti ran àwọn ilé-iṣẹ́ aṣáájú lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń ṣe ohun tí kò tíì pọ̀ nílẹ̀ yìí lè gba ìwé-ẹ̀rí aṣáájú, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ owó-orí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní ọdún 1958 àti ọdún 1971. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó jẹ èrè rẹ̀ jù, àwọn tí ó ní ilé ẹ̀rọ, akáúńtáǹtì àti lọ́yà. Wẹ́dà tí ó wà lábẹ́ igi kò mọ̀ pé ó wà.

ÌJỌBA ŃWÁ ONÍṢẸ́ KÉKERÉ

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìjọba tó yíjú sí àwọn kéékèèké. Ní ọdún 1986, wọ́n dá àjọ NDE sílẹ̀, tí ó fi àwọn ọ̀dọ́ sábẹ́ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ káàkiri ìpínlẹ̀. Ní ọdún 1989, wọ́n dá People's Bank sílẹ̀, Tai Solarin sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Báńkì yìí ń yá àwọn tálákà lówó láìgba ilé tàbí ilẹ̀ ní ohun ìdúró. Ní ọdún 1990, òfin kọ́ńpìnnì tuntun dá àjọ CAC sílẹ̀. Ní ọdún 2003, wọ́n dá SMEDAN sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké àti àwọn alábọ́dé.

Lára gbogbo rẹ̀, èyí tí ó kan ọ̀pọ̀ wa jù ni òfin kọ́ńpìnnì tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2020. Ṣáájú rẹ̀, ó kéré tán, ènìyàn méjì ni ó gbọ́dọ̀ pa pọ̀ kí kọ́ńpìnnì tó lè wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kọ orúkọ àbúrò tàbí ìyàwó wọn kún un, ìjà a sì máa bẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Òfin ọdún 2020 gbà pé ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì tirẹ̀ sílẹ̀.

ÌGBÀ KỌ̀ǸPÚTÀ DÉ

Ní ọdún 2001, fóònù alágbèéká GSM wọlé sí Nàìjíríà. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba dá NITDA sílẹ̀, àjọ tí ó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, òfin tí ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Láàrín ọdún mẹ́wàá, àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà dá iṣẹ́ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ní Yaba, Èkó, ọmọ Yorùbá kan tí ń jẹ́ Bosun Tijani àti ẹnì kejì rẹ̀, Femi Longe, ṣí ibùdó CcHUB ní ọdún 2011, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti lè jókòó ṣiṣẹ́, kí wọ́n rí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì pàdé ẹni tí ó lè fowó sí iṣẹ́ wọn. Bosun Tijani yìí kan náà ni ó di Mínísítà fún Ìbánisọ̀rọ̀ àti Ètò Ọrọ̀ Ajé orí Ẹ̀rọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2023.

Ìṣòro tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ní kò yàtọ̀ sí ti àlejò. Ilé-iṣẹ́ wọn kò jọ ilé-iṣẹ́. Kò sí ẹ̀rọ ńlá, kò sí ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí, kò sí ilẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́ta lórí tábìlì kan ni gbogbo rẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì kò mọ ohun tí yóò fi ṣe ohun ìdúró, òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì mọ fáìlì tí yóò kó wọn sí. Èmi tí mo wà nínú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ohun tí kò bá ní fáìlì nínú ọ́fíìsì, bí ẹni pé kò sí láyé ni.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ó bá ìṣòro yìí pàdé. Ní ọdún 2012, Ítálì ṣòfin tí ó fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní apá ọ̀tọ̀ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kọ́ńpìnnì wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ètò Startup India. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Tùnísíà ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ní oṣù kẹrin ọdún 2018. Òfin wọn gbà pé òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá lè gba ìsinmi ọdún kan, kí ó sì tún un gbà lẹ́ẹ̀kan sí i, láti lọ dá startup sílẹ̀, kí iṣẹ́ rẹ̀ má sì bọ́. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ẹ kò ṣàì rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá ka ìyẹn! Senegal tẹ̀ lé Tùnísíà. Ní ọdún 2021, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ nílẹ̀ yìí àti ọ́fíìsì Ààrẹ jọ jókòó kọ àbá òfin tiwa. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá ọdún 2021, àwọn aṣòfin gbà á wọlé ní ọdún 2022, Ààrẹ Buhari sì fi ọwọ́ sí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2022. Orúkọ rẹ̀ ni Nigeria Startup Act.

OHUN TÍ ÌWÉ-Ẹ̀RÍ NÁÀ Ń BÉÈRÈ

NITDA ni akọ̀wé fún ètò yìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a sì ti ń forúkọ sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń fúnni ni wọ́n ń pè ní startup label, àmì ìdánimọ̀ ni ní èdè tiwa. Ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ jẹ́ alága fún ni ó wà lókè ètò náà. Kí ilé-iṣẹ́ tó lè gba ìwé yìí, àwọn nǹkan wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà:

Èkíní, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kọ́ńpìnnì tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, tí ó ní Limited lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Orúkọ òwò lásán tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní kò tó.

Èkejì, kọ́ńpìnnì náà kò gbọ́dọ̀ tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ láti ọjọ́ tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ láti hùmọ̀, láti ṣe tàbí láti tún ohun tuntun ṣe nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, tàbí láti tà á.

Ẹ̀kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ni kí ó ni ohun tí ó ń ṣe tàbí sọ́fítíwíà náà, kí a sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta ìpín kọ́ńpìnnì náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó jẹ́ olùdásílẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó ń dá ṣòwò tàbí tí ó ń bá ẹlòmíràn ṣe àjọṣe, tí kò tíì ní kọ́ńpìnnì ṣùgbọ́n tí ó kún ojú òṣùwọ̀n tó kù, lè gba ìwé ìṣáájú fún oṣù mẹ́fà, kí ó lè fi àyè yẹn lọ forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Ọmọ tí kọ́ńpìnnì ńlá kan bí, tí kọ́ńpìnnì náà kì í sì í ṣe startup, kò lè gbà á. Ìwé náà wà fún ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí a fi í fúnni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ìwé ìṣirò rẹ̀, kí ó sì máa jábọ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti àǹfààní, òfin náà dá àpò owó kan sílẹ̀ tí ó ní kí a máa san ohun tí kò dín ní bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà sí lọ́dọọdún, fún àwọn tí ó ní ìwé-ẹ̀rí yìí àti fún àwọn ibùdó tí ó ń tọ́ wọn dàgbà. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ nínú ilé fúnra rẹ̀ kò ní san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ń san fún ITF. Òfin náà tún so wọ́n mọ́ ìdẹ̀ra owó-orí ti ìwé-ẹ̀rí aṣáájú tí mo sọ lókè. Ṣùgbọ́n kí ẹ kíyè sí i pé òfin owó-orí tuntun tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026, ti gbé ètò mìíràn rọ́pò ètò aṣáájú náà. Kí ẹni tí ó bá ń ro ti owó-orí béèrè lọ́wọ́ akáúńtáǹtì kí ó tó ṣe ìṣirò rẹ̀.

KÍ NI Ó KAN ÀWA NÍ KWALI?

Ẹlòmíràn lè ní, “Ẹ̀gbọ́n, Kwali kì í ṣe Yaba.” Òótọ́ ni. Láti ọdún 1996 ni Kwali ti di Area Council tirẹ̀, síbẹ̀ àgbẹ̀ àti ọlọ́jà ni púpọ̀ nínú wa àti nínú àwọn onílé wa. Ṣùgbọ́n Sheda, níbi tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ibùdó ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ńlá sí, inú Kwali ni ó wà. Àwọn ọmọ wa sì ti ń ṣe ju ohun tí a rò lọ. Wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún iléèwé, wọ́n ń ṣe áàpù fún ọlọ́jà, wọ́n ń tún fóònù ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe wàhálà asán. Ẹni tí ó ń ṣe POS létí títì Lokoja ń lo ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ní ọdún 2024, CAC pàṣẹ pé kí gbogbo wọn forúkọ sílẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe startup. Ẹni tí ó ń tún fóònù ṣe, oníṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ìwé fírídọ̀ọ̀mù àti orúkọ òwò tó o. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan ní Yangoji bá kọ áàpù tí ó ń so àwọn àgbẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tí ó ń ra iṣu ní Wuse, tí áàpù náà sì jẹ́ tirẹ̀, òun gan-an ni òfin yìí ń bá wí.

Mo mọ ọmọ wa kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún ẹni tí ó gbà á síṣẹ́, èyí tí a fi ń ṣírò èsì ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi ṣe é. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí orúkọ kọ́ńpìnnì, kò sí ìforúkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ẹni yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn iléèwé mìíràn gẹ́gẹ́ bí ohun tirẹ̀. Bàbá ọmọ náà fẹ́ kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa dá sí i, a sì dá sí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: ìwé wo ni ẹ ní? A kò ní ìwé kankan. Bí ó bá jẹ́ ìlú wa ni, bóyá àwọn àgbà ì bá jẹ́rìí, kí ẹ̀rí wọn sì tó. Níbí, ẹ̀rí wa kò tó. Bí ìkòkò Ladi Kwali kò bá ní àmì ní ìdí, ta ni yóò mọ̀ pé òun ni ó mọ ọ́n?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ wa mú lọ sílé.

Àkọ́kọ́ ni pé kí a má fi ìforúkọsílẹ̀ ohun tí a ṣe falẹ̀. Sọ́fítíwíà tí a kò kọ orúkọ olóhun sí, ọmọ ìta ni.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá náà. Ọjọ́ tí a forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ni ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo mọ àwọn tí ó sáré forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ nítorí pé orúkọ náà wù wọ́n, tí wọ́n wá ká ìwé rẹ̀ sínú àpótí fún ọdún mẹ́fà, méje. Ọdún ń lọ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá kò lè gba ìwé-ẹ̀rí. Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ń jẹ ọdún tirẹ̀ dànù. Kí iṣẹ́ àti ìwé jọ rìn.

Ẹ̀kẹta ni ìpín. Nígbà tí olówó bá dé, tí ó ní òun fẹ́ fowó sí iṣẹ́ ọmọ rẹ, inú gbogbo ilé yóò dùn. Kí ẹ rántí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí olówó náà bá jẹ́ ará òkèèrè, tí ọmọ bá sì ta ìpín rẹ̀ débi pé ti àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ kò tó iye yẹn mọ́, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kí a fi ọ̀rọ̀ náà han lọ́yà kí a tó tọwọ́ bọ̀wé.

Mo tún ní àbá kan fún ẹgbẹ́ wa. A ní àwọn olùkọ́, akáúńtáǹtì, òṣìṣẹ́ ìjọba àti lọ́yà láàrín wa. Bí a bá yan ọjọ́ Sátidé kan lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, kí àwọn wọ̀nyí jókòó, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ gbé e wá, kí a bá a wo ìwé rẹ̀, kò ní ná wa ju àga àti omi mímu lọ. Bí wọ́n ti ń pé jọ ní ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù láti jẹ́rìí ọmọ-iṣẹ́ ni àwa náà yóò ṣe. Kí a má sì yọ àwọn ọmọ Gbagyi tí wọ́n gbà wá sílẹ̀ wọn sẹ́yìn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Mo fẹ́ kí a rántí ẹ̀kọ́ àwọn báńkì ọdún 1954 pẹ̀lú. Ìwé-ẹ̀rí kì í ra ọjà, kì í wá oníbàárà, kì í sì í tún iṣẹ́ tí kò dára ṣe. Ladi Kwali ti mọ ìkòkò rere kí òyìnbó tó rí i. Iṣẹ́ ni ó ń ṣáájú, àmì a tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti wà, tí àmì kò sí, ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Ọlọ́run yóò fi ọ̀nà han àwọn ọmọ wa. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò ní di ti ẹlòmíràn. A kò ní tara ilé wá sájò kí a tó ṣe àṣeyọrí, a ó sì fi ẹ̀rín padà délé.   Àṣẹ.